Orúkọ ìwé, orúkọ ilé: èdè Chamorro lẹ́nu àwọn tó ni ín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Wọ́n ní kí n mú èdè kan tí kì í ṣe tiwa, kí n sọ ohun tó wù mí nínú rẹ̀. Mo mú Chamorro, èdè àwọn erékùṣù Mariana. Bí ẹ bá ṣí àwòrán ayé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Filipínì, kí ẹ máa bá òkun Pàsífíìkì lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ máa rí àwọn erékùṣù kéékèèké tó tò láti gúúsù lọ sí àríwá. Èyí tó tóbi jù, tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ni Guam, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Guåhan. Lókè rẹ̀ ni Luta, tí àwòrán ayé ń pè ní Rota, lẹ́yìn náà Tinian àti Saipan. Sípéènì ló kọ́kọ́ jọba lórí gbogbo wọn. Ní 1898 Amẹ́ríkà gba Guam. Ní 1899 Sípéènì ta àwọn tó kù fún Jámánì. Ní 1914 Jàpáànù gbà wọ́n lọ́wọ́ Jámánì. Lónìí abẹ́ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ìjọba méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́.

Mo ti ń tẹ̀lé èdè yìí lójú ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìgbà díẹ̀, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni pé apá méjì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pín sí: ọ̀rọ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ilé. Gbogbo ohun tí akọ̀wé lè fi gègé mú, orúkọ ìrìbọmi, iye owó, ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, orúkọ ìlú, àjèjì fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí gègé kò lè mú kò kúrò nílé. Bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ sì bá mi wò ó bóyá mo parọ́.

Ká kọ́kọ́ ṣe ètò ẹnu. Å tó ní òrùka lórí jinlẹ̀ ju a lásán lọ. Ó ń fà sí ọ̀nà ọ tiwa. Àmì kékeré tí ẹ máa rí lẹ́yìn fáwẹ́lì, glota ni wọ́n ń pè é: ọ̀fun ni a fi ń gé ọ̀rọ̀ já níbẹ̀, ká tó tún bá a lọ. Y wọn sì súnmọ́ dz. Ẹni tó bá pe ìlú Yigo bí ẹni ń pe Yẹ́mí, ará Guam á mọ̀ pé àlejò ni.

Ìkíni wọn ni Håfa adai. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Guam, òun ni yóò rí lára ògiri, lára ẹ̀wù tí wọ́n ń tà, lára ife tíì. Håfa ni “kí ni”. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè àlàáfíà ẹni, wọ́n á ní Håfa tatatmanu hao? Ìdáhùn rẹ̀ ni Maolek, ó dára. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ a máa gé e kúrú sí Håfa lai? Ara låhi, ìyẹn ọkùnrin, ni lai ti wá; ẹ má fi kí bàbá ẹnikẹ́ni o.

Ọpẹ́ ni Si Yu'us ma'åse'. Ọ̀rọ̀ tí ará Sípéènì ń lò fún Ọlọ́run, Dios, ni ẹnu wọn lọ̀ títí tó fi di Yu'us. Àánú ló wà nínú ma'åse'. Ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ ti fà ọ́ lé àánú Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìwọ náà á dáhùn pé Buen probecho. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí pé ní Sípéènì ẹni tó wà nídìí oúnjẹ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, bí àwa ṣe ń gbàdúrà pé kó gba ibi ire lọ. Ní Guam ó kúrò nídìí àwo, ó di ìdáhùn ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yá ní erékùṣù yìí kì í jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí.

Ìkíni kan wà tó ju ti ẹnu lọ. Mångnginge' ni wọ́n ń pè é. Bí ọmọdé bá wọlé tó bá àgbà, yóò tẹríba, yóò mú ọwọ́ ọ̀tún àgbà náà, yóò sì gbé imú rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ yẹn bí ẹni ń gbóòórùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni àgbà náà, yóò ní Ñot. Tó bá jẹ́ obìnrin, Ñora. Àgbà á dáhùn pé Dios ti ayudi, kí Ọlọ́run ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, ti Sípéènì ni: señor àti señora tí wọ́n gé orí wọn kúrò ni Ñot àti Ñora. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti imú, ìtẹríba àti gbígba èémí àgbà sínú, kò sí ará Sípéènì tó kọ́ wọn níyẹn. Ọmọ tí kò bá ṣe é lójú ìyá rẹ̀, ó máa gbọ́ ọ nígbà tí àlejò bá lọ tán.

Ọ̀rọ̀ ẹbí wọn á ya Yorùbá lẹ́nu níbì kan. Che'lu ni ọmọ ìyá ẹni, ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Tí wọ́n bá pọ̀, mañe'lu. Pé èdè kan kò ní bìkítà nípa ẹni tó kọ́kọ́ wá sáyé, ó kọ́kọ́ ṣe mí bákan. Àmọ́ wọ́n mọ àgbà. Saina ni òbí, saina náà ni àgbàlagbà, saina náà sì ni Olúwa tí wọ́n ń ké pè nínú àdúrà. Mañaina ni àwọn òbí. Manåmko' ni àwọn arúgbó lápapọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sì ni. Patgon ni ọmọ kan, famagu'on ni àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ àgbà lásán: Tun ló máa ń ṣáájú orúkọ bàbá, Tan ló máa ń ṣáájú orúkọ ìyá. Francisco tó jẹ́ Kiko' fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á di Tun Kiko' nígbà tí irun rẹ̀ bá funfun.

Francisco yìí ló mú wa dé ìdí ọ̀rọ̀ orúkọ, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ jókòó sí.

Ní 1668 ni àlùfáà Jẹ́súítì kan, Diego Luis de San Vitores, gúnlẹ̀ sí Guam pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Olóyè Kepuha fún un ní ilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Hagåtña. Láti ọjọ́ yẹn ni ìwé ìrìbọmi ti ṣí. Ẹni tó bá wọ inú omi pẹ̀lú orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ń jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni mímọ́ kan. Ogun bẹ́ sílẹ̀, àìsàn tí wọn kò mọ̀ rí tẹ̀lé e, wọ́n sì kó àwọn tó kù jọ sí ìlú díẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun láti Mẹ́síkò àti Filipínì fẹ́ obìnrin ibẹ̀, wọ́n sì mú orúkọ wọn wọlé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orúkọ bàbá tó pọ̀ jù ní Guam àti Saipan lónìí fi jẹ́ Cruz, Santos, Perez, Camacho, Flores, San Nicolas, Leon Guerrero. Àjèjì tó bá ka ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Guam lè rò pé ìlú kan ní Mẹ́síkò ni òun wà.

Ṣùgbọ́n bí Cruz bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, báwo ni èèyàn ṣe máa mọ Cruz tí wọ́n ń bá wí? Ilé ló dáhùn. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìrìbọmi, familian Lágbájá ni wọ́n sì ń fi pè é: familian Kotla, familian Batittang, familian Kueto, familian Chaka. Òmíràn jẹ́ orúkọ baba ńlá kan tí wọ́n gé kúrú, òmíràn iṣẹ́ tó ń ṣe, òmíràn àbùkù ara tí aládùúgbò kan rí tí kò sì lè pa ẹnu mọ́. Chaka, ẹ dákun, eku ni. Wọn kì í tijú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú, orúkọ ilé yìí ń jáde nínú ìkéde òkú lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìwé, nítorí pé ẹni tó gbọ́ “Cruz” nìkan kò tíì mọ òkú tí wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà náà tún ń bẹ níbẹ̀: ìyá àgbà ni yóò béèrè familian ta ni ọmọ yìí, kó tó rẹ́rìn-ín tàbí kó tó dijú. Wọ́n tún fi orúkọ ìdílé ìyá sáàárín orúkọ ọmọ, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà lè rí ìhà méjèèjì.

Èyí jọ iṣẹ́ tí oríkì orílẹ̀ ń ṣe nílé wa, àmọ́ n kò ní fà á jù. Oríkì ń yin ni. Orúkọ familian kì í sábà yin ẹnikẹ́ni. Ó kàn mọ̀ ọ́ ni, nígbà míì ó mọ̀ ọ́ jù.

Àwọn orúkọ àtijọ́ kan yè bọ́ nínú ìwé náà. Láti ìgbà tí ìwé ìrìbọmi ti di dandan, orúkọ tí àwọn kan ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ di orúkọ bàbá fún àwọn ọmọ wọn. Taitano, Taimanglo, Taitague, Mesngon, Gumataotao, Quitugua: àkọtọ́ Sípéènì bo wọ́n mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Chamorro ni wọ́n. Mesngon ni ẹni tó lè forí tì í. Tåno' ni ilẹ̀, manglo' ni afẹ́fẹ́, tai sì ni “láìsí”. Taitano di aláìnílẹ̀, Taimanglo sì di ibi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ aláìnílẹ̀ wà lára orúkọ tó gbajúmọ̀ jù: ilé ìwádìí ńlá tó wà ní Yunifásítì Guam fún ìtàn Micronesia, àgbègbè erékùṣù tí Mariana wà nínú rẹ̀, orúkọ Richard Flores Taitano ni wọ́n fi sọ ọ́.

Tai yìí ní èkejì, gai, ìyẹn “ní”. Salåppe' ni owó. Gaisalåppe' ni olówó, taisalåppe' ni aláìlówó. Mamåhlao ni ìtìjú. Ẹni tó gaimamåhlao mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí, ó mọ ìgbà tó yẹ kó wá àti ohun tó yẹ kó mú dání. Taimamåhlao ni aláìnítìjú, èébú tó gún ni dé eegun sì ni. Ọmọ Yorùbá kò nílò olùkọ́ fún èyí.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ìtìjú wọn èèyàn jù ni chenchule'. Chule' ni “mú”. Chenchule' ni ohun tí o mú lọ síbi ìnáwó ẹlòmíràn, owó, ẹja, ìrẹsì, tàbí agbára apá rẹ nídìí ààrò. Tó bá jẹ́ ti òkú, owó náà ń jẹ́ ika. Ìdílé tó gbà á ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ta ló mú kí ni wá, èló ni, wọ́n sì ń tọ́jú ìwé náà títí di ọjọ́ tí ìnáwó bá kan onítọ̀hún. Ọmọ lè jogún gbèsè yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé tó wọ erékùṣù yẹn, èyí nìkan ni mo rí tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún ilé. Orúkọ gbogbo ètò náà, ìyẹn pé kí a máa tún ọ̀rọ̀ ara wa ṣe, ni inafa'maolek: maolek ni dára, fa' ni sọ di, apá tó ṣáájú sì sọ pé láàárín ara wa ni.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ibi tí ìwé ti borí. Bí a bá ń ka nǹkan ní Chamorro àtijọ́, a ó ní hacha, hugua, tulu, fatfat, lima, gunum, fiti, guålu, sigua, månot. Nǹkan ẹlẹ́mìí ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kà á, nǹkan gígùn ní tirẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ra ẹja pẹ̀lú èyí mọ́. Unu, dos, tres, kuåtro, singko ni wọ́n ń kà lọ́jà, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ti àtijọ́ lórin. Ó dùn mí, nítorí pé lima, àrún, ni ọmọ ìyá tó rìn jìnnà jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ẹbí èdè yìí: lima ni ní Tagalog, èdè Filipínì, lima ni ní Malay, lima ni ọwọ́ ní Hawaii, ní Madagascar létí ilẹ̀ Áfíríkà tiwa ó sì di dimy. Àwọn atukọ̀ mú un dé Mariana ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, akọ̀wé ọjà sì lé e jáde láàárín ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ náà lọ: Lunes, Måttes, Metkoles, Huebes, Betnes, Såbalu, Damenggo. Oṣù mẹ́tàlá tí wọ́n ń kà látojú òṣùpá tẹ́lẹ̀ fi ibi sílẹ̀ fún méjìlá tó wà lára kàlẹ́ńdà. Díẹ̀ nínú orúkọ wọn ṣì ń sọ iṣẹ́ oṣù náà fún ẹni tó bá tú u: Lumamlam, láti ara lamlam, mànàmáná, bọ́ sí àkókò ìjì, Fa'gualo' sì ni ìgbà tí wọ́n ń palẹ̀ oko mọ́, nítorí gualo' ni oko.

Àwọn kan máa ń sọ látàrí èyí pé Chamorro ti di ẹ̀yà èdè Sípéènì kan. Mo ti rí i kà lọ́pọ̀ ìgbà, irọ́ ni. Ẹ wo lamasa, tábìlì. La mesa ni, wọ́n gbé la náà mọ́ ọn wọlé gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe gbé al ti Lárúbáwá mọ́ àlùbọ́sà àti àlàáfíà, tí a kò sì mọ̀ pé a gbé e. Ẹnu ló gba ọ̀rọ̀ yẹn, ojú kò tíì kà á. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti wọlé, òfin ilé ni yóò tẹ̀lé. Hånao ni lílọ. Ẹni tó lọ, humånao. Ẹni tó ń lọ lọ́wọ́, humåhanao. Wọ́n ya ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ki um sí i nínú, wọ́n wá tún sílébù rẹ̀ pè. Ijó wọlé láti Sípéènì ní baila. Kíá ni wọ́n ti ya òun náà: bumaila, ó jó. Bumabaila, ó ń jó lọ́wọ́. Ará Madrid kò ní dá a mọ̀ mọ́.

Ilé ni gumå'. Tí mo bá fẹ́ sọ pé “ilé náà”, i gima' ni, ohùn rẹ̀ yí padà. Abúlé ni songsong, abúlé náà ni i sengsong. Orúnkún ni tommo, orúnkún náà ni i temmo. Ọ̀rọ̀ kékeré i ló ń fa fáwẹ́lì tó wà níwájú rẹ̀ mọ́ra. Àwọn tó ń kọ́ èdè náà lágbà máa ń gbàgbé èyí, arúgbó sì máa ń fi mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n tún ní “àwa” méjì: hit, èmi àti ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, ham, àwa láìsí ìwọ. Ẹ ronú sí bí èyí ṣe máa rọrùn tó níbi ìpàdé ẹbí.

Orúkọ èèyàn kì í dá dúró. Si ló ń ṣáájú rẹ̀: si Maria, si Tun Kiko'. Ohun tí kì í ṣe èèyàn ń gba i. Bí wọ́n bá fẹ́ béèrè orúkọ rẹ, wọ́n á ní Håyi na'ån-mu?, håyi sì ni “ta ni”. Ta ni orúkọ rẹ.

Nídìí ààrò, nǹkan pọ̀. Dågu ni iṣu, suni ni kókò, lemmai ni gbẹ̀rẹ̀fútù, niyok ni àgbọn, chotda ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, mannok ni adìyẹ. Ìrẹsì ní orúkọ mẹ́ta: fa'i nígbà tó wà lóko, pugas nígbà tó wà nínú àpò, hineksa' nígbà tó bá jinná. Èyí yé mi, nítorí pé wọ́n ti ń gbin ìrẹsì kí ọkọ̀ Sípéènì kankan tó débẹ̀. Níbi àríyá, hineksa' agaga', ìrẹsì pupa, ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ń wá láti ara èso åchote. Èso náà àti orúkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ tó ń ti Acapulco lọ sí Manila wá. Bákan náà ni kamuti, ọ̀dùnkún, àti metåte, ọlọ òkúta. Èdè Nahuatl tí àwọn Aztec ń sọ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣẹ̀, nítorí náà ìyá àgbà tó ń lọ nǹkan ní Guam ń sọ èdè Aztec láìmọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ni fina'denne' máa ń wà: sọ́ọ̀sì sọ́yà, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan, àlùbọ́sà àti ata. Ata ni donne'. Ẹ tú orúkọ náà wò: fa' tí a rí nínú inafa'maolek ló tún wà níbí, wọ́n ki in sí i nínú, donne' sì yí ohùn padà sí denne'. Òfin èdè náà tó pọ̀ jù wà nínú abọ́ ata kan.

Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà a máa yí. Matå'pang ni olóyè kan ní Tomhom, etíkun tí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí lónìí. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1672, San Vitores ri ọmọbìnrin rẹ̀ bọmi láìgba àṣẹ rẹ̀. Matå'pang àti ẹnì kejì rẹ̀ pa á, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin Pedro Calungsod tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé ohun tí a ti fọ̀ mọ́ ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Ní Filipínì, lédè Tagalog, matapang ni onígboyà. Ní Guam lónìí, ẹni tó matå'pang ni ọ̀yájú, aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ìwà rẹ̀ ń sú èèyàn. Ẹni tó kọ ìtàn ló ni ìtumọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gbé orúkọ náà ga padà, mo sì wà lẹ́yìn wọn.

Òmíràn yí sí rere. Maga'låhi ni olóyè ọkùnrin àtijọ́, maga'håga sì ni obìnrin tó wà nípò rẹ̀, nítorí pé ìdílé ìyá ni wọ́n ń tọ̀, obìnrin sì ní ohùn lórí ilẹ̀. Låhi ni ọmọkùnrin, håga ni ọmọbìnrin. Gómìnà Guam ti ń jẹ́ I Maga'låhi lórí ìwé ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Ní 2019 Lourdes Leon Guerrero di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ gómìnà, wọ́n sì ní láti tẹ ìwé mìíràn: I Maga'hågan Guåhan. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Mo fẹ́ ya ẹsẹ̀ kan. Lågu ni ọ̀nà òkun, håya ni ọ̀nà inú ilẹ̀. Torí náà lågu jẹ́ àríwá ní Guam, ó sì jẹ́ ìwọ̀-oòrùn ní Saipan. Ará erékùṣù méjèèjì kò ṣì í, ibi tí òkun wà ni kálukú ń wí. Ajá ni ga'lågu: ẹran ọ̀sìn tó gba ojú òkun wá. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń sọ pé àlejò ni, títí dòní. Ti àwọn ẹyẹ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ejò kan tó jọ pé ọkọ̀ ẹrù ló gbé e wọlé jẹ ẹyẹ igbó Guam run. Kulepbla ni wọ́n ń pe ejò, ọ̀rọ̀ Sípéènì, nítorí pé wọn kò nílò orúkọ fún irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ko'ko', ẹyẹ tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀, àti sihek, ẹyẹ apẹja kan, kò sí nínú igbó Guam mọ́. Inú àgò àti orí erékùṣù mìíràn ni wọ́n ń sìn wọ́n. Ọmọdé mọ orúkọ náà, kò mọ ohùn rẹ̀.

Báwo ni ilé fúnra rẹ̀ ṣe wá dákẹ́? Ní 1917 ìjọba ológun ojú omi Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso Guam pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni èdè iṣẹ́ ìjọba, pé kí ẹnikẹ́ni má sọ Chamorro níbẹ̀ àfi tó bá jẹ́ ti ògbufọ̀. Ní 1922 wọ́n fi òfin lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n kó ìwé atúmọ̀ èdè jọ, wọ́n sun ún. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, èdè náà kò kú. Ìwé ni wọ́n sun, àwọn ìyá kò ka ìwé kí wọ́n tó bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ níyà ní kíláàsì ń délé sọ Chamorro. Lẹ́yìn ogun ni nǹkan bàjẹ́. Jàpáànù gba Guam ní oṣù kejìlá 1941, Amẹ́ríkà gbà á padà ní 1944. Ìlú Hagåtña di àlàpà, ilẹ̀ tó dára di bárékè, iṣẹ́ ìjọba sì di ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń fúnni. Àwọn òbí tí wọ́n ti jẹ ìyà nítorí èdè wọn fẹ́ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń sọ Chamorro láàárín ara wọn, wọ́n ń kọjú sí ọmọ, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn ni òfin 1922 kò lè ṣe, ìfẹ́ òbí sì ṣe é láàárín ìran kan. Ní Luta àti Saipan, tí kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ọmọdé pẹ́ sí i lẹ́nu èdè náà.

Láti 1974 Chamorro ti jẹ́ èdè ìjọba ní Guam lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, oṣù kẹta sì ni oṣù rẹ̀. Ní 1998 Agana padà di Hagåtña. Ní 2021 òfin dá orúkọ àwọn ìlú gúúsù padà: Merizo di Malesso', Umatac di Humåtak, Inarajan di Inalåhan, Agat di Hågat. Ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní lesso' ló wà nínú Malesso', kò sì sẹ́ni tó lè rí i nínú Merizo. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé, tó gba orúkọ lọ, ṣe ń dá a padà. Àmọ́ wọ́n tún ń jà lórí ìwé yẹn náà. Guam ń kọ CHamoru, pẹ̀lú C àti H ńlá pọ̀, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kà á sí. Saipan ń kọ Chamorro, wọ́n ní báyìí ni àwọn bàbá àwọn ṣe kọ ọ́. Mo kọ ọ́ bíi ti Saipan lónìí torí pé òun ni ẹ lè fi wá a rí kíákíá, ṣùgbọ́n èmi ò bá wọn dá ẹjọ́ yẹn. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni pé bí àkọtọ́ náà ṣe ń péye sí i lára pátákó ojú ọ̀nà, àwọn tó lè kà á láìronú, tí wọ́n gbé e láti ẹnu ìyá wọn, ń dínkù. Àwọn olùkọ́ kan ti rí èyí, wọ́n sì ti ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé tí wọn kì í sọ èdè mìíràn nínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Àwọn òbí kan ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì kọ́ ohun tí ọmọ wọn ń kọ́, kí wọ́n lè rí nǹkan dá a lóhùn nígbà tí wọ́n bá délé.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ béèrè ohun tó bá wù yín.